GIMP àti iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́
Ọ̀fẹ́ ni GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, láti ọdún 1996 ni ó sì ti wà, ṣùgbọ́n mask rẹ̀ (ìbòjú tí a fi ń bo apá kan àwòrán) gan-an ni mo fi ń yìn ín fún àwa tí a ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe ní Àkúrẹ́. Bí a bá fi mask sórí layer kan (ìpele àwòrán kan lórí òmíràn), ibi tí a kùn ní funfun yóò hàn, ibi tí a kùn ní dúdú yóò fara pamọ́, ibi tí ó rí bí eérú yóò sì hàn díẹ̀, láìjẹ́ pé a pa ohunkóhun rẹ́. Nítorí náà, bí etí gèlè ìyàwó bá gé jù, búrọ́ọ̀ṣì funfun ni a ó fi dá a padà. Ó dùn mí pé kò tíì lè ṣiṣẹ́ tààrà nínú àwọ̀ CMYK tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, XCF (irú fáìlì GIMP fúnra rẹ̀, tí ń tọ́jú àwọn layer) ni kí ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ sí, nítorí JPEG a máa pa gbogbo layer pọ̀ di ẹyọ kan.