Páàdì àti Dísíkì Bíréèkì fún Golf GTI: Èwo Ni Kí Ẹ Rà ní Abẹ́òkúta?

Ẹni tó bá ń wa Golf GTI Mk5 (Golf 5 tí a mọ̀) ní Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ bíréèkì ṣeré. Ẹ́ńjìnnì 2.0 onítọ́bò rẹ̀ ní agbára ẹṣin 200, ìlú tiwa sì rèé, òkè lọ, òkè bọ̀. Ní Ìtòkú, Aké àti ẹ̀bá Olúmọ, ẹ ò ní rìn jìnnà kí títì tó dà gẹ̀rẹ́, kí ọlọ́kadà sì já wọ iwájú yín lójijì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ yìí kan náà á wà lọ́nà Ṣàgámù lórí eré. Páàdì tó máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ mú nígbà tó bá tutù, kó sì tún mú nígbà tó bá gbóná.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé: ẹ na owó yín sórí páàdì, kí ẹ fi dísíkì ojúlówó tí kò ní ihò tì í lẹ́yìn. Òdìkejì rẹ̀ ni mò ń rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀: dísíkì oníhò tó ń dán gbinrin, páàdì olówó pọ́ọ́kú lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn dísíkì

Ẹni tó ń tajà á ní, "Ọ̀gá mi, ti Golf 5 ni, á wọlé wẹ́rẹ́." Ẹ bi í pé mílímítà mélòó. Dísíkì iwájú Golf Mk5 kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó fẹ̀ tó 280 tàbí 288 wà fún Golf lásán, 312 ni ti GTI, nípọn 25, ti R32, Golf tó lágbára ju GTI lọ, sì tó 345. Èyí tó kéré máa ń bá ihò bóòtì márààrún mu, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá de 288 mọ́ kálípà GTI (irin tó di páàdì mú, tó ń fún un mọ́ dísíkì), páàdì á yọ kọjá etí dísíkì, apá kan rẹ̀ ò sì ní mú nǹkan kan rárá. Ẹ mú tépù lọ́wọ́ lọ sọ́jà.

Páàdì onírin àti páàdì sẹrámíìkì

Irin pọ̀ nínú páàdì onírin, nǹkan bí ìdá 30 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Irin yìí ló ń gbé ooru kúrò lójú ibi tí páàdì ti ń gbá dísíkì, tí bíréèkì kì í fi í kú mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń da eruku dúdú sí rímù, ó lè máa han láàárọ̀, ó sì ń jẹ dísíkì. Sẹrámíìkì, tí wọ́n fi ohun bí amọ̀ sísun ṣe, ò pariwo, rímù á mọ́, dísíkì á pẹ́. Àmọ́ ó wọ́n jù, kì í sì í mú gírígírí bíi ti onírin lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kì í kọjá Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀, tó ń rọra wakọ̀, sẹrámíìkì á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní tèmi, onírin ni mo máa yàn fún GTI. Páàdì eré ìje, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, torí kì í mú dáadáa àfi tó bá gbóná.

Ẹ yí páàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. Lára ọ̀pọ̀, ẹ máa rí lẹ́tà méjì: àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú ní ìwọ̀n ooru ojoojúmọ́, èkejì nígbà tó bá gbóná gan-an. E kéré (0.25 sí 0.35), F wà láàárín (0.35 sí 0.45), G ga (0.45 sí 0.55). Ẹ má gba ohun tó bá rẹlẹ̀ ju FF lọ. Ti Yúróòpù máa ń ní E nínú òbìrípo àti 90R: òfin tó ní kí agbára páàdì náà má fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti èyí tó bá ọkọ̀ wá. ATE, Textar, TRW àti Ferodo wà lára orúkọ tí mo fọkàn tán, ṣùgbọ́n ayédèrú wọn pọ̀ lọ́jà. Tí ìtẹ̀wé páálí bá ti rí wúruwùru, tí páàdì fúnra rẹ̀ ò sì ní àmì kankan, ẹ dá a padà.

Dísíkì

Oníhò dára lójú, àmọ́ ẹ̀bá ihò yẹn gan-an ni dísíkì ti máa ń sán. Onílà ń gbá eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbóná kúrò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ páàdì, ó sì ń dún díẹ̀. Èyí tó tẹ́jú, tí wọ́n kun etí àti àárín rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, ló bá òjò tiwa mu jù. Ìpẹtà pupa díẹ̀ tó bá hàn lójú rẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe àìsàn. Tí ẹ bá ti tẹ bíréèkì díẹ̀, á lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ti dísíkì iwájú GTI, nínípọn mílímítà 22 ni òpin. Wọ́n sábà máa ń tẹ "MIN TH" sí etí rẹ̀. Tí ẹ bá wọn tòkunbọ̀ tó ku 23, tí wọ́n sì ní àwọn á fá a kí ó lè tẹ́jú, irin tí ẹ̀ ń sanwó fún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Méjì-méjì ni kí ẹ máa rà á, ọ̀tún àti òsì.

Dídè rẹ̀

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn, písítìnì kálípà rẹ̀ (irin róbótó tó ń ti páàdì) gbọ́dọ̀ máa yí bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé, torí hándì bíréèkì so mọ́ ọn. Mẹkáníìkì tó bá fi kílámpù tì í tagbáratagbára bíi ti iwájú á bà á jẹ́. Ẹ bi í bóyá ó ní irinṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó tú táyà.

Kí wọ́n fọ òróró ara dísíkì tuntun kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá títì tó dá, ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa títí yóò fi wálẹ̀ sí 20 láìdúró, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì máa wakọ̀ lọ díẹ̀ kí ó lè tutù. Tó bá ṣì gbóná, ẹ má dúró kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Páàdì á lẹ̀ sójú kan lára dísíkì, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí ẹ bá ti tẹ bíréèkì.