Sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n mẹ́fà àbí fúláàtì méjì: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ máa gba owó ilé rà?

Ká ní ilé méjì wà fún títà ní àdúgbò kan náà n'Íbàdàn, orí pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn méjèèjì sì wà. Ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n mẹ́fà tó tò tẹ̀léra. Èkejì jẹ́ fúláàtì méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́, oníyàrá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n ń pè ò jìnnà síra. Ejẹ́ńtì á ti máa yin sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n létí yín kí ẹ tó jókòó, torí ìṣirò rẹ̀ dùn: ayálégbé mẹ́fà ju méjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká fi sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n kan sí ₦300,000 lọ́dún, ká fi fúláàtì kan sí ₦800,000. Àpẹẹrẹ ni o, iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Mẹ́fà á mú ₦1,800,000 wá, méjì á mú ₦1,600,000. Sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n fi ₦200,000 borí. ₦200,000 yìí gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹni tó ń gbé sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n kì í pẹ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí àgùnbánirọ̀, tàbí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Bó bá jáde iléèwé, bó bá gbéyàwó, bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó di kó máa kẹ́rù. Bí méjì nínú mẹ́fà bá kó jáde lọ́dún, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó kùn ún kí ẹlòmíì tó wọlé, ₦150,000 ti lọ nínú ₦200,000 yẹn. Ìtòsí yunifásítì tún ní tirẹ̀: ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ọmọ tó ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ta ni yóò bá a sanwó yàrá tí kò sùn sí? Òótọ́ ni pé bí fúláàtì kan bá ṣófo, ìdajì owó ilé ló bá a lọ. Àmọ́ ìdílé tí ọmọ rẹ̀ ti wà níléèwé ládùúgbò kì í dédé kó ẹrù.

Kòtò ìdọ̀tí

Ibi tí owó ti ń rì wọlẹ̀ gan-an nìyí, kì í sì í sí nínú àwòrán tí ejẹ́ńtì fi ránṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ bírikilà ń gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní sókàwéè, kòtò kan ṣoṣo ni. Méjì ló yẹ kó jẹ́. Àkọ́kọ́ ni sẹ́pítíìkì, tí wọ́n rẹ́ nínú kó má jò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọlẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ni páìpù onírí T á máa gbé lọ sí kòtò kejì, tí wọn ò rẹ́ ìdí rẹ̀, kí ilẹ̀ lè máa mu ún. Bí T yẹn ò bá sí, ọ̀rá àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jọ wọ kòtò kejì, wọ́n á sì dí ojú ilẹ̀ bí èérí ògì ṣe ń dí asẹ́. Tó bá ti dí báyẹn, táńkà lè wá fa omi rẹ̀ lónìí, kó tún kún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Omi ni táńkà ń fà, kì í bá yín ṣí ojú ilẹ̀.

Ní ti sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n mẹ́fà, ẹ má ka orí mẹ́fà. Àbúrò á wà, ọ̀rẹ́ á wà. Ẹ ka 12. Bí kálukú bá lo korobá lítà 20 mẹ́rin lójúmọ́, lítà 960 ló ń wọ kòtò lójoojúmọ́. Sẹ́pítíìkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 4, tí omi rẹ̀ jìn ní 4, á gba bíi lítà 3,600. Ìyẹn fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ láti rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí èyí tó wà nídìí bá ṣe ń ga sí i ni ọjọ́ náà á máa dín. Kòtò tí ó kéré sí èyí ni ẹ ó sábà bá, tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé kan tí wọ́n wá so ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà mọ́.

Fúláàtì méjì náà lè kó ènìyàn 10 sínú, omi wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kéré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ àti ihò àyẹ̀wò tirẹ̀, ìyẹn ihò ọlọ́mọrí tí wọ́n fi ń yẹ páìpù wò. Tí ẹ bá ṣí ọmọrí kọ̀ǹkéré tí ẹ bá páàdì obìnrin tó ti mumi wú, tó dí ẹnu páìpù pa, ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn. Ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ wọ páìpù kan, gbogbo wọn ni yóò ní àwọn kọ́, láńdílọ́ọ̀dù ni yóò sì sanwó.

Torí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wo ilé náà, kì í ṣe oṣù Kìíní tí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ kó ènìyàn mẹ́fà dání, kí wọ́n da korobá omi kọ̀ọ̀kan sí ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀yin dúró ti ihò àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Omi gbọ́dọ̀ ṣàn kọjá. Bó bá dúró tó ń ga, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ tẹ́tí sí ilé ìwẹ̀ tó sún mọ́ kòtò jù: bí ojú ihò rẹ̀ bá ń dún gbulu-gbulu nígbà tí wọ́n da omi níbòmíì, afẹ́fẹ́ ò ríbi jáde, tàbí kòtò ti kún. Páìpù onínṣì 4 gbọ́dọ̀ fi ínṣì 3 sọ̀kalẹ̀ nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Sìmẹ́ńtì tuntun lórí kòtò àtijọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni. Ẹ bi ayálégbé, ẹ má bi ejẹ́ńtì, iye ìgbà tí táńkà wá lọ́dún tó kọjá. Kòtò tó péye lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó fà á. Èyí tí wọ́n ń fà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ ò mumi mọ́.

Kànga náà ńkọ́? Ó yẹ kó fi 100 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí kòtò. Lórí pulọ́ọ̀tì 50 sí 100, àfi kí ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀ iwájú, kí èkejì wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lódìkejì. Ẹ yọjú wo ẹ̀yìn ògiri pẹ̀lú, kòtò aládùúgbò lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ.

Ìyókù

Iná: ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n, mítà kan fún yàrá mẹ́fà, ìjà hot plate lójoojúmọ́. Ní fúláàtì, mítà méjì, ó parí.

Ìwé: ọ̀kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Ẹ gbé sọ̀fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì gbàgbé pé òfin ilẹ̀ 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí ìrà náà.

Ayálégbé tó ń dààmú: tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń rà, òfin 2011 fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ó fún olóṣooṣù ní oṣù kan, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí ẹnìkan ò bá sanwó: sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n ló dára jù níbí, ìdá kan nínú mẹ́fà owó nìkan ló há.

Àwọn méjèèjì ló ní ẹni tó bá mu. Ẹni tí kò jìnnà sí ilé náà, tó lè débẹ̀ láàárín wákàtí kan, tó sì rí sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n tí wọ́n pín kòtò rẹ̀ sí méjì, mẹ́ta síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún, kó rà á. Ẹni tó níṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ, tàbí tó ń ti ìlú òyìnbó fowó ránṣẹ́, fúláàtì ni. Bí ó bá sì jẹ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n oníkòtò kan ṣoṣo lọkàn yín ṣì fà sí, ẹ mú bírikilà tiyín dání, kó dá iye owó sẹ́pítíìkì tuntun, kòtò kejì àti páìpù, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó tí onílé ń pè kí ẹ tó dá a lóhùn.