Bébì Ariel tí mo rà ní Ọjà Ọba: irun rẹ̀ dára, ìrù rẹ̀ ò lágbára

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, irun bébì yìí ni mo kọ́kọ́ wò. Ariel, ọmọbìnrin inú omi tó ní ìrù ẹja, ni, aláwọ̀ dúdú sì ni: wọ́n ṣe é bíi Halle Bailey, òṣèré tó ṣe Ariel nínú fíìmù Disney ti 2023. 14,000 náírà ni ìyá tó ń ta nǹkan ìṣeré nítòsí Ọjà Ọba pè é, mo ná an dé 11,500. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ kankan lára páálí rẹ̀ o.

Irun náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n lọ́ ọ bí irun Dàdá. Mo fà á, kò já. Mo ki ìdí rẹ̀ bọ omi gbígbóná bí mo ṣe máa ń ṣe fún kọ́sítọ́mà, kò tú. Ẹ má ṣáà fi ìyarun kàn án. Ta ló ń ya Dàdá lórí?

Ìrù ni wàhálà. Ọjọ́ kẹta ló yọ níbàdí, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ sì ń ṣí: lẹ́yìn tí ọmọ mi gbé e wọnú omi ìwẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Ìgbà tí mo gbé e sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù ni ariwo dé. Ọmọ yunifásítì FUTA kan tí mò ń dirun fún ní, "Àǹtí, èyí kọ́ ni Ariel. Òyìnbó lèyí tí mo wò ní kékeré." Fíìmù Disney ti 1989, tó jẹ́ àwòrán tí wọ́n yà, ló ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pariwo náà nìyẹn láti 2019 tí wọ́n ti kéde Halle Bailey. Nígbà tí Disney gbé díẹ̀ jáde nínú fíìmù tuntun náà ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n rọ́ lọ sórí YouTube lọ tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ò fẹ́.

Ọmọ FUTA náà tún bi mí pé, "Tí wọ́n bá fi òyìnbó ṣe Mọ́remí, ṣé ẹ máa gbà?"

Ká sòótọ́, mi ò ní gbà. Ṣùgbọ́n Mọ́remí nílé ní Ifẹ̀, a mọ odò tó bá dá májẹ̀mú. Ariel ńkọ́? Àlọ́ tí Hans Christian Andersen kọ ní Dẹ́nmáàkì ní 1837 ni, ọmọ inú rẹ̀ ò tiẹ̀ lórúkọ. Disney ló sọ ọ́ ní Ariel. Mo ní, "O rí ẹja nísàlẹ̀ ìbàdí rẹ̀, o ò bínú, àwọ̀ apá rẹ̀ lo rí!"

Àwọn àgbà ní Dàdá ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà péré, já bébì náà gbà lọ́wọ́ ọmọ FUTA: "Ẹ fún mi lọ́mọ mi!" Ẹ̀rín pa wá.

Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n náwó náà sórí Ọlọ́kun, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣàríyànjiyàn àwọ̀. Àmọ́ n ò rí bébì Ọlọ́kun lórí àtẹ ìyá yẹn.

Tí ẹ bá rí i ní 10,000, ẹ rà á, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mi ìrù rẹ̀ wò. Owó ẹyọ méjì ni mo so mọ́ ọn lórí láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi ń bèèrè ẹ̀kẹta.