Ṣọ́ọ̀bù àwòrán Íjíbítì kan l'Ókè-Ìlẹ̀wọ́: ẹ gbé papyrus yẹn síwájú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan gidi gbé kọ́ sí pálọ̀ mi, kì í ṣe kàlẹ́ńdà, kì í ṣe òdòdó rọ́bà, nǹkan tí àlejò á wọlé tá á dúró wò. Mo ti ra ọ̀kan rí níbòmíì, kì í ṣe l'Abẹ́òkúta o, wọ́n búra fún mi pé papyrus Íjíbítì ni, bébà tí wọ́n ń fi ewéko odò ṣe, oṣù mẹ́ta ò pé tó ti ń ya létí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ó dùn mí gan-an.

Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, inú kọ̀rọ̀, kò sí sáínbọ́ọ̀dù ńlá. Mo ní kí n rí papyrus, mọ̀mí tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ dárúkọ owó, wọ́n yọ ọ̀kan nínú férémù wọ́n gbé e síwájú fèrèsé wọ́n ní "Wò ó dáadáa, ṣó o rí ilà tó nàró àtèyí tó dábùú?" Mo rí i kedere. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ojúlówó nìyẹn, wọ́n á bó ewéko odò yẹn, wọ́n á la inú ẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó, wọ́n á to òmíì dábùú lé e lórí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi gbẹ. Wọ́n dẹ̀ ká a bí ẹní, kò ya. Mọ̀mí fúnra wọn ló tún sọ pé àwọn tó wà nísàlẹ̀, tó jẹ́ ₦4,000, bébà lásán ni.

Mo ra ti ìdájọ́ òkú, ₦35,000 pẹ̀lú férémù. Ọkàn òkú ló wà lórí òṣùwọ̀n, ìyẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo lápá kejì, ìyẹ́ Maat, òrìṣà òtítọ́ wọn. Òrìṣà Anubis olórí ajáko ń wo òṣùwọ̀n, òrìṣà Thoth olórí ẹyẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹranko kan dẹ̀ lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ọ̀nì, àyà kìnnìún, ìdí erinmi, òun ló ń jẹ ọkàn tó bá wúwo ju ìyẹ́ lọ. Mo dúró síwájú àwòrán yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ni wọ́n lé tìróò sí, àfi bí ìyá ìyá mi tó bá ń lọ òde, torí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ náà máa ń lọ òkúta dúdú sójú.

Ẹ wo ìrọ̀rí àdìrẹ wọn náà o, ìyá kan n'Ítòkú ló ń ya òdòdó lotus sí i, ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìẹ ló fi ń yà á, aró ẹ̀ dú dáadáa. Méjì ni mo rà, ó sì yẹ àga mi.

Èyí tí mi ò fẹ́ ni orí Nefertiti, ayaba Íjíbítì ayé àtijọ́, tí wọ́n fi pọ́ọ̀pù ṣe. Ojúlówó tí wọ́n hú jáde ní Amarna ní Íjíbítì lọ́dún 1912, tó wà ní Neues Museum ní Berlin, ojú òsì ẹ̀ ò ní ẹyinjú, ti ṣọ́ọ̀bù yìí ojú méjèèjì ni wọ́n kùn. Mo sọ fún mọ̀mí, wọ́n ní àwọn á bá ẹni tó ń mú un wá sọ̀rọ̀.

Kò sí POS, tíránsífà ni, àtẹ̀gùn ibẹ̀ dẹ̀ ṣókùnkùn, kí àgbàlagbà rọra o. Ẹ gba férémù onígíláàsì, ẹ má dẹ̀ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn á ti máa pa á, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá. Mo ti ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ti àwọn ẹyẹ odò mẹ́fà tí wọ́n yà sára ògiri ibojì kan ní Meidum ní Íjíbítì, ti ara ògiri yẹn lé ní 4,500 ọdún, owó oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi gbé e.