Àgbéyẹ̀wò: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Fort Huachuca ní Arizona

Ọ̀rọ̀ géètì ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀pọ̀ àlejò ti ń bàjẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, àmọ́ inú bárékè tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń kọ́ iṣẹ́ òtẹlẹ̀múyẹ́ láti 1971. Kò sẹ́ni tó kàn lè ya wọlé. Láti Tucson, ẹ gba I-10 síhà ìlà-oòrùn, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní exit 302, kí ẹ wá gba Highway 90 síhà gúúsù títí dé Sierra Vista. Gbogbo rẹ̀ tó máìlì 75. Géètì Van Deman ni kí ẹ kọrí sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé àlejò wò kí wọ́n tó fún un ní páàsì.

Láti May 2025, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí kò ní àmì REAL ID, ìyẹn àmì pé ó bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mu, kò tó fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tì dání. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní gíríìnkáàdì, kó má lọ lójijì o. Kó pe ọ́fíìsì àlejò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó béèrè bóyá ó nílò ẹni tó máa mú un wọlé. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ àyálò, ìwé àyálò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òfin Arizona gba àgbàlagbà láyè láti gbé ìbọn àti láti mu igbó, èyí sì ni ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: tí ẹ bá ti kọjá géètì, òfin ìjọba àpapọ̀ ló kù, igbó di ẹ̀ṣẹ̀, ìbọn tí wọn kò fún yín láṣẹ láti mú wọlé náà sì di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tú inú ọkọ̀ yín wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má fọwọ́ di fóònù mú bí ẹ bá ń wakọ̀ nínú bárékè, ẹ má sì ya fọ́tò géètì tàbí ẹ̀ṣọ́.

Old Post ni ilé náà wà, apá tó dàgbà jù nínú bárékè. 1892 ni wọ́n kọ́ ilé náà, àmọ́ bárékè ti wà ṣáájú rẹ̀. Captain Samuel Whitside ló pa àgọ́ tó di bárékè yìí síbẹ̀ ní 3 March 1877, torí omi tó ń ṣàn láti orí òkè Huachuca, àti torí pé ojú ọ̀nà tí àwọn Apache, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bá jà, ń gbà lọ sí Mẹ́síkò ni. Ní 1886, ibẹ̀ ni General Nelson Miles fi ṣe ibùdó iwájú nígbà tó ń lé Geronimo, aṣáájú ogun àwọn Apache.

Ẹ má sáré níbi ohun èlò àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹ wo gàárì McClellan dáadáa, èyí tí iléeṣẹ́ ológun tẹ́wọ́ gbà ní 1859. Ihò gbọọrọ tó wà láàárín ìjókòó rẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà. Òkè egungun ẹ̀yìn ẹṣin ló bọ́ sí, kí gàárì má bàa bó o lára, kí afẹ́fẹ́ sì máa kan ibẹ̀. Ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bó, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ti di ẹlẹ́sẹ̀ nínú aṣálẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, Buffalo Soldiers, ni ìdí pàtàkì tó fi yẹ kéèyàn rin ìrìn yìí. Rẹ́jímẹ́ǹtì Kẹwàá ti àwọn ẹlẹ́ṣin dé ní 1913, wọn ò kúrò títí di 1931. Àwọn ló bá General Pershing wọ Mẹ́síkò ní 1916 láti wá Pancho Villa, ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ ará Mẹ́síkò, Charles Young, aláwọ̀ dúdú kẹta tó jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, sì wà lára àwọn ọ̀gá wọn. Ní May 1942, Division 93, ẹ̀ka ńlá ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Division 92 sì wá lẹ́yìn rẹ̀. Ìkíní lọ jagun ní Pàsífíìkì, ìkejì ní Ítálì. Ní December ọdún 1942 kan náà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú inú WAAC, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ran iléeṣẹ́ ológun lọ́wọ́, dé. Bárékè kan ṣoṣo, síbẹ̀ ilé ìwòsàn méjì, kíláàbù àwọn ọ̀gá méjì: ti funfun lọ́tọ̀, ti dúdú lọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá wo inú ilé nìkan kò tíì wò ó tán. Wákàtí kan àbọ̀ tó fún inú ilé. Ẹ fi wákàtí mìíràn rìn yí pápá Brown Parade Field ká, kí ẹ wo ilé àwọn ọ̀gá ti ọdún 1880 sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wakọ̀ lọ wo Mountain View láti ìta, kíláàbù onípákó tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọ̀gá aláwọ̀ dúdú ní 1942. Ó wà lára ibi ìtàn 11 tí National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ibi ìtàn, sọ ní 2013 pé ó wà nínú ewu jù ní Amẹ́ríkà. Tí orin àsíá bá dún nírọ̀lẹ́, ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ kọjú sí ibi tí àsíá wà.

Ẹ pè kí ẹ tó gbéra, torí ní 2025 iléeṣẹ́ ológun kéde pé àwọn yóò dín iye ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn kù. Bí ẹ bá sì ń padà, ẹ má tíì fi ìwé yín pamọ́: àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ní ibùdó lórí Highway 90 lọ́nà àríwá, wọ́n sì máa ń béèrè irú ọmọ orílẹ̀-èdè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan inú ọkọ̀ jẹ́.