Sáfà tòkúnbọ̀ tí mo rà ní Queen Cinema, àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ tẹ "Clear"

Ká ní mi ò tètè pariwo ni, gbogbo fídíò ìgbéyàwó àwọn oníbàárà wa ì bá ti wọgbó. Ohun tó gbé mi dé ìdí kíkọ èyí nìyẹn. Iye RAM àti irú processor ẹ̀, ẹ lọ wò ó níbòmíì.

Sáfà (server, kọ̀ǹpútà tá à ń kó fídíò pa mọ́ sí) tá à ń lò tẹ́lẹ̀ ní stúdíò wa ní Bódìjà ló kú; iná tó ga jù ló jó bọ́ọ̀dù ẹ̀. Dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ̀ kò fara pa. 2TB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, RAID 5 la sì fi tò wọ́n: ìtò tó so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan, tó ya àyè dísìkì kan sọ́tọ̀ kí fáìlì má baà sọnù bí ọ̀kan bá kú. Mo wá irú sáfà náà gan-an, tòkúnbọ̀, lọ sí Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, mo ní kí wọ́n kó àwọn dísìkì mi sínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí n rí i kó tàn kí n tó san owó tó kù.

Ọmọkùnrin tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ tẹ F2, a wọnú ibi ìṣètò tó wà nínú sáfà fúnra ẹ̀, kí Windows tó yọjú rárá. Lábẹ́ controller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí àwọn dísìkì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Foreign configuration found". Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín. "Anti, ẹ má mikàn. Dísìkì yín ló dàrú. Ẹ jẹ́ n clear ẹ̀, ká ṣe RAID tuntun." Ó ti sún àmì dé orí Clear, ìka ẹ̀ ti wà lórí Enter.

"Gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú. Ó tún ń bá mi jiyàn, pé bí òun ṣe máa ń ṣe é fún báńkì nìyẹn. Kó kúkú dárúkọ báńkì náà, kí n lè tètè lọ kó owó mi jáde.

Kò sí ohun tó dàrú. Controller yẹn rí i pé òun kọ́ lòun to àwọn dísìkì yìí, ó wá ń béèrè bóyá kóun gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà, tàbí kóun pa àkọsílẹ̀ ìtò wọn rẹ́. Tẹ́ ẹ bá Clear, wọn ò ní mọ ara wọn mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ṣe RAID tuntun lé e, tẹ́ ẹ sì Initialize, ó dìgbóṣe.

Mo ní kó ṣí Preview. Ó jáde: RAID 5, dísìkì mẹ́rin, 5.45TB. Ẹ má jẹ́ kí 5.45 yẹn já yín láyà, 6TB náà ni, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á ló yàtọ̀. Mo tẹ Import, kó gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti kọ Optimal, pé ara wọn le. Mo gba ti ẹni tó ṣe ohun èlò yìí o! Ó bi mí, ó fi hàn mí, ó tún kìlọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

A tún un tàn: kò rí ibi tó máa ti gbéra. Ọmọ náà ń wò mí lójú bíi pé ṣebí òun wí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọn jáde síta. "Ẹ má bínú, Anti, ọmọ iṣẹ́ ni." Ó fúnra ẹ̀ jókòó, ó lọ sí Boot Mode (ọ̀nà tí sáfà ń gbà gbéra), ó bá a lórí Legacy, ọ̀nà àtijọ́, ó yí i sí UEFI, ọ̀nà tuntun, torí Windows ò lè fi Legacy gbéra lórí dísìkì tí wọ́n tò láti lo ohun tó ju 2TB lọ. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ náà níṣojú mi, kò sì bú u. Windows jáde. Inú mi dùn débi pé mo ra mínírà fún gbogbo wọn, títí kan ọ̀gbẹ́ni Clear.

A gbé e délé, fídíò ò wọlé sínú ẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo padà sínú ibi ìṣètò yẹn: bátìrì controller ti kú fin-ín fin-ín. Ó ti fi Write Back (kó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ sínú ìrántí tí bátìrì ń ṣọ́) sílẹ̀ bọ́ sórí Write Through (kó kọ ọ́ tààrà sí dísìkì, tó máa ń lọ́ra), kí iṣẹ́ má baà sọnù tí iná bá lọ. Ìyẹn dáa, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ bátìrì pamọ́ sí, lẹ́tà ẹ̀ rí tíntìntín, mouse sì ń wọ́. Mo pe ọ̀gá jẹ́jẹ́ yẹn, ohùn ti yí padà: "Anti, tòkúnbọ̀ lẹ rà o." Ṣé owó tòkúnbọ̀ ni mo fún un ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé bátìrì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ tó kù.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Wọ́n ní bátìrì máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀.