Ganvié, Odò Dúdú Àjàrá tàbí Bouche du Roy: ọkọ̀ èwo ni kí ẹ wọ̀?

Bí ẹ bá gba Sèmè kọjá sí Benin, tí ẹ sì ń wá ibi tí wọ́n á ti fi ọkọ̀ gbé yín káàkiri orí omi, orúkọ mẹ́ta lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué, Odò Dúdú ní Àjàrá nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àti Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun ní ìhà Grand-Popo. Àwọn tó ń polówó wọn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n yàtọ̀ gan-an ni. Ìlú àwọn èèyàn lẹ ń wọ̀ ní Ganvié. Ìdákẹ́rọ́rọ́ lẹ ń sanwó fún ní Àjàrá. Ní Bouche du Roy, ẹyẹ àti igbó etí omi ni.

Omi ẹlẹgẹ́ sì ni gbogbo wọn. Láti ọdún 2000 ni ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Iran lọ́dún 1971 láti dáàbò bo irú ilẹ̀ olómi báyìí. Ọdún kan náà ni wọ́n forúkọ ọ̀sà etíkun ti ìhà Ouidah àti Grand-Popo sílẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó béèrè èló, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí ló ń mú ọkọ̀ yìí rìn, ọwọ́ ta sì ni owó wa máa bọ́ sí?

Ganvié

Òun ló lókìkí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ni àlejò lè tètè ba nǹkan jẹ́ jù níbẹ̀. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú fún ọba Dahomey, orí òpó igi nínú omi ni ilé wọn sì wà títí dòní. Èbúté Abomey-Calavi lẹ ti máa wọkọ̀. Iye tí ẹ máa san dá lórí bí ẹ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lẹ fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń tà á ní gbangba, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó sáré pàdé yín lójú títì.

Ẹlẹ́ńjìnnì ló yá jù. Ẹni tó mú àgbàlagbà tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ dání, mi ò ní bá a jà tó bá yàn án. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kì í jó epo náà tán, inú omi ni ìyókù ń lọ. Ìgbì tó ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn á máa lu òpó ilé, á sì máa mi ọkọ̀ kékeré àwọn ìyá tó ń gbé ẹja àti ata lọ sọ́jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Nokoué kì í jìn, abẹ ẹ́ńjìnnì á máa ru ẹrẹ̀ sókè. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, tí àgbàrá odò Ouémé bá dé, omi náà á pọ̀, kò ní níyọ̀ mọ́, wọ́tà háyásíǹtì á sì gba ojú rẹ̀ kan. Ewéko yìí á wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì, atukọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á gbé e sókè, á sì máa fi ọwọ́ já ewéko náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú omi tí wọ́n là sí òkun ní Kútọnu lọ́dún 1885 ló ń jẹ́ kí iyọ̀ padà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ yẹn ló sì ń pa ewéko náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá lọ, ọkọ̀ alájẹ̀ ló bá omi yìí mu jù. Afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun fẹ́ wá ń ran àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú: ẹ ó rí ọkọ̀ tó ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀, tó ń lọ láìpariwo.

Lọ́nà, ẹ ó rí akadja, ẹ̀ka igi tí wọ́n gún mọ́ abẹ́ ọ̀sà lọ salalu, bí oko ẹ̀gẹ́ tí omi bò mọ́lẹ̀. Ohun tó ń hù lára igi tó ń jẹrà yìí lẹja ń wá jẹ, wọ́n sì ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tó bá yá, olóko á fi àwọ̀n yí i ká, á sì kó wọn. Ohun ìní ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí atukọ̀ bá fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá kí ẹ lè ya fọ́tò, ẹ ní kó má ṣe é. Ẹ má sì ya ẹnikẹ́ni láìtọrọ ààyè. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ló máa ń fi àkẹtẹ̀ bojú tí wọ́n bá rí kámẹ́rà, èsì yín nìyẹn.

Odò Dúdú, Àjàrá

Àjàṣẹ́ ni kí ẹ sùn sí, torí ibẹ̀ ò jìnnà sí i. Àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn ni wọ́n ń fi tu ọkọ̀ níhìn-ín, kò sídìí láti ṣe àròyé ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ á máa yọ́ kọjá láàárín igi ògùrọ̀ àti òṣíbàtà, ẹ ó sì dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń pọn sodabi, ìyẹn ògógóró tiwọn. Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan bọ̀, ọwọ́ ẹni tó pọn ọtí yẹn tàbí ẹni tó hun ẹní gan-an ni kí ẹ ti rà á. Ìrìn kúkúrú ni, kò sí ìran ńlá kan tí ẹ máa fi han ará ilé.

Bouche du Roy

Nǹkan bí 80 kìlómítà ni Grand-Popo sí Kútọnu, torí náà ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún un. UNESCO ti ka agbègbè odò Mono, ti Benin àti ti Togo pa pọ̀, mọ́ ibi ìdáàbòbò ẹ̀dá láti ọdún 2017. Igi mangrófù ni ọkàn ibẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ sókè lórí omi ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí kí wọ́n tó dàgbà. Igi yìí kan náà ni wọ́n ń gé ṣe akadja, òun sì ni àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀ ní ìhà Ouidah ń fi dáná. Àwọn abúlé kan ti wá fi apá kan igbó náà sábẹ́ Zàngbétò, eégún aṣọ́de, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú àdá wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti rí Zàngbétò àwọn Ẹ̀gùn ní Àgbádárìgì á mọ̀ pé èèwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí atukọ̀ yín bá ní ẹ má sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, ẹ má ṣe bi í ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ wá atọ́nà ọmọ abúlé. Àjọ Eco-Bénin ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lẹ rí, ẹ bá wọn ṣàdéhùn kí ẹ tó sanwó pé wọ́n á pa á tí ẹ bá ti wọ àárín mangrófù, ọ̀pá ni wọ́n á fi tì í. Àǹfààní tiyín náà ni, torí lékeléke àtàwọn ẹyẹ apẹja á ti fò lọ kí ẹ tó dé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejì, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin ní etíkun lóru. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ má lo fíláàṣì, ẹ má sì sún mọ́ ọn títí atọ́nà á fi ní ó yá.

Èwo ni ti yín?

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, Odò Dúdú ni mo fọwọ́ sí. Ganvié dára fún ẹni tó lè fara balẹ̀ wọ ọkọ̀ alájẹ̀, tó sì gbà pé ojúde ilé onílé lòun ń gbà kọjá. Tí owó àti àkókò bá wà, Bouche du Roy ló borí wọn lójú tèmi, torí owó tí abúlé ń rí lára àlejò wà lára ohun tó ń jẹ́ kí igi náà wà ní òró.

Ẹ má kó ọ̀rá wá láti Èkó. Òfin tí wọ́n ṣe ní Benin lọ́dún 2017 de ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ẹ rọ omi sínú ìgò tí ẹ máa gbé padà, kí ìdọ̀tí yín má bàa kù sójú ọ̀sà. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ ka láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá kárí yín, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.